Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ẹjọ́ Fáírọ́ọ̀sì HPV àti Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Oúnjẹ

Láti ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, orúkọ fáírọ́ọ̀sì yìí ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá mọ̀. Ìyẹn dára púpọ̀. Ohun tí kò dára ni bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé gbogbo rẹ̀ rù ú. Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn kò sì yọ sílẹ̀, pé HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ náà ló ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Wọ́n á tún ní bí èsì àyẹ̀wò bá ti dárúkọ jíìnì p53, ẹ̀rí ti dé nìyẹn pé fáírọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní rárá o, àìsàn ìdílé ni p53 túmọ̀ sí. Àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé jíìnì tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí yìí, òun gan-an ló ń tako ẹni tó pè é wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Ọ̀nà oúnjẹ ni ọ̀pá ẹlẹ́ran tó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 lára àgbàlagbà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, tó gba ẹ̀yìn ọ̀nà èémí kọjá, tó sì já sínú àpòlúkù. Oríṣi jẹjẹrẹ méjì ló sábà máa ń mú un. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ pẹlẹbẹ tó tẹ́ inú ọ̀pá náà. Òun ló pọ̀ jù láyé, pàápàá ní Éṣíà àti ní Áfíríkà. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi kíkan inú àpòlúkù ti ń rú bọ̀ sókè, tó ń jó ara ọ̀pá náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti gbilẹ̀. Oríṣi àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan HPV, òun náà ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù níhìn-ín.

Kò sí irọ́ níbẹ̀ pé HPV ń fa jẹjẹrẹ kan ní àgbègbè yìí. Ní ìdí ahọ́n àti lára tọ́nsìlì, ó jẹ̀bi, kò sì sẹ́ni tó ń jà á níyàn mọ́ láàárín àwọn onímọ̀. Láti ibẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà, irú awọ kan náà ló sì tẹ́ ibi méjèèjì. Ó wá rọrùn láti gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè yóò ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ mú èrò yìí wá kì í sì í ṣe òpè. Ní ọdún 1978, William Jarrett, onímọ̀ ìṣègùn ẹran ní Glasgow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn màlúù orí òkè Skọ́tíláǹdì. Fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí HPV máa ń hu èso kéékèèké sí ẹnu àti ọ̀nà oúnjẹ àwọn màlúù náà. Lára màlúù tó ń jẹ koríko tó dára, èso yẹn kì í sábà di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níbi tí ewéko olóró tí wọ́n ń pè ní bracken bá ti pọ̀ ní pápá, tí màlúù ń jẹ ẹ́, èso náà máa ń di jẹjẹrẹ. Ìwádìí tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wí: fáírọ́ọ̀sì nìkan kò tó o, oró inú ewéko gbọ́dọ̀ bá a pé. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé lọ sílé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1982, Kari Syrjänen ní Fínláńdì fi maikirosikóòpù wo ara àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kóró inú wọn hunjọ, tí àyè funfun sì yí i ká, irú èyí tí HPV máa ń dá sára ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ó dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ sí i. Kò pẹ́ rárá, ní 1983, tí ikọ̀ Harald zur Hausen ní Jámánì fi rí HPV oríṣi 16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2008. Ta ni kò ní fẹ́ wá irú rẹ̀ kiri níbòmíràn? Láàbù lórí láàbù bẹ̀rẹ̀ sí í wá HPV nínú ọ̀nà oúnjẹ, pàápàá ní Linxian ní ìpínlẹ̀ Henan ní Ṣáínà, níbi tí jẹjẹrẹ yìí ti ń pa àwọn àgbẹ̀ bí ẹni tí ogun jà.

Àwọn baba wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìrònú tó yá ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò béèrè bóyá àjẹ́ náà wọ inú ilé, bóyá ó fọwọ́ kan ọmọ, àti pé kí ni wọ́n rí lára òkú. Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyẹn ló yẹ ká bi HPV.

Ṣé ó wọ inú ilé? Ohun tí wọ́n fi ń wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún ni PCR, ọ̀nà àyẹ̀wò tó ń sọ ègé DNA kan di méjì, tó ń sọ méjì di mẹ́rin, títí lọ. Bí ó bá ṣe é nígbà 30, ègé kan ṣoṣo lè di ẹ̀dà tó lé ní bílíọ̀nù kan. Agbára rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà. Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí wọ́n ti ń gé ẹran ara tí wọ́n rì sínú ìda fún àyẹ̀wò. Abẹ ẹ̀rọ tó gé ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ láàárọ̀, tó gé e pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ bí ewé, òun náà ló tún gé ti ọ̀nà oúnjẹ lọ́sàn-án. Èérún kékeré kan kù sẹ́nu abẹ. Ojú kò rí i, PCR rí i. Abájọ tí èsì fi ń lọ sókè sódò: láàbù kan ní òun kò rí nǹkan kan, òmíràn ní òun rí i nínú ohun tó lé ní ìdajì, nígbà mìíràn láti orílẹ̀-èdè kan náà. Kí a tilẹ̀ ní kò sí àbàwọ́n kankan, HPV ń gbé ẹnu àwọn ènìyàn kan láìṣe wọ́n ní nǹkan, itọ́ tí wọ́n ń gbé mì sì ń gba ọ̀nà oúnjẹ kọjá tọ̀sán tòru.

Ikọ̀ kan tó ń jẹ́ InterSCOPE gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò wá DNA mọ́. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwádìí mẹ́fà tó ti wà nílẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi lágbàáyé, wọ́n sì wò ó bóyá ara àwọn aláìsàn ti bá HPV jà rí ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 kò fi ìyàtọ̀ gidi kan hàn tí ènìyàn lè gbé ẹ̀sùn kà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé àjọ IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tún to àwọn ibi tí ẹ̀rí ti tó láti dá HPV 16 lẹ́bi lẹ́sẹẹsẹ: ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, ojú ara obìnrin, okó, ihò ìdí, inú ẹnu, ìdí ahọ́n àti tọ́nsìlì. Ọ̀nà oúnjẹ kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni jíìnì ti ń sọ̀rọ̀. HPV kì í pa ènìyàn lójijì. Ó ní purotéènì méjì tó fi ń ṣiṣẹ́ ibi, E6 àti E7. E6 máa ń di p53 mú, á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì tú u palẹ̀. Iṣẹ́ p53 ni láti dá sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ ti bàjẹ́ dúró kí ó má pín sí méjì, tàbí kí ó mú kí ó kú. E7 ní tirẹ̀ ń sọ RB, purotéènì mìíràn tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun, di aláìlágbára. Bí àwọn méjèèjì bá ti kúrò lójú ọ̀nà, sẹ́ẹ̀lì á máa pín bó ṣe wù ú.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Fáírọ́ọ̀sì tó ti ń tú purotéènì p53 palẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò kí jíìnì tó ń ṣe p53 bàjẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti tọ́nsìlì tí HPV fà, jíìnì TP53 wà ní pípé, bí a ṣe bí i náà ló ṣe wà. Nínú jẹjẹrẹ awọ pẹlẹbẹ ti ọ̀nà oúnjẹ ńkọ́? Nínú mẹ́wàá, TP53 ti bàjẹ́ nínú ohun tó lé ní mẹ́jọ. Kò bàjẹ́ nípa ti fáírọ́ọ̀sì. Lẹ́tà inú DNA rẹ̀ ló yí padà, irú èyí tí ọjọ́ orí àti oró tó ń wọ ara ń fà. Jẹjẹrẹ yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba p53 jẹ́. Kí ni yóò tún máa fi E6 ṣe?

Àmì kejì tún wà. Nígbà tí E7 bá ti mú RB kúrò, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe purotéènì p16 lọ́pọ̀ yanturu. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń wo p16 nínú jẹjẹrẹ tọ́nsìlì: bí ó bá pọ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí HPV wà níbẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ, òdìkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀. CDKN2A, jíìnì tó ń ṣe p16, sábà máa ń sọnù pátápátá. Àwọn kan gbé òfin tọ́nsìlì wá sí ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n rí p16 lára àwọn díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé HPV ni. Òfin ìlú kan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́ nílùú kejì. Bí p16 bá pọ̀ nínú ọ̀nà oúnjẹ láìsí DNA fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa HPV.

Ní 2017, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí kókó jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ 164, láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ayé. Wọ́n ka DNA, wọ́n sì ka RNA tó ń fi hàn bóyá jíìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n pín ti awọ pẹlẹbẹ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi hàn pé HPV ló fà á. Ìwádìí tó sì yanjú ọ̀rọ̀ fún mi jù, èyí tó kéré jù ú lọ dáadáa ni: kókó 59 láti Lilongwe ní Màláwì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Màláwì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ ti pọ̀ jù láyé. Ó tún wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ti pọ̀ jù. HPV ń bẹ nílùú náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dí lára àwọn obìnrin ibẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà oúnjẹ àwọn ènìyàn kan náà wò, wọn kò bá a níbẹ̀. TP53 tó bàjẹ́ ni wọ́n bá. Bí HPV kò bá fa àrùn yìí ní Màláwì, níbo ni yóò ti fà á?

Ọ̀rọ̀ p53 tún ní ẹ̀ka kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìbí ni p53 ti ní oríṣi méjì ní ipò 72: ti àwọn kan ní arginine níbẹ̀, ti àwọn mìíràn ní proline. Ní 1998, Alan Storey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nínú Nature pé E6 ń tú oríṣi arginine palẹ̀ kíákíá ju ti proline lọ, àti pé ó pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Kíá ni àwọn ènìyàn gbé èyí náà lọ sí ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n ní jíìnì tí a jogún àti fáírọ́ọ̀sì ti so pọ̀. Èsì wọn kò bára mu rí. Ẹ̀rí kan sì wà nílé wa tí ì bá ti mú wọn fara balẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1994 wo oríṣi proline láàárín àwọn ẹ̀yà mélòó kan: ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni láàárín àwọn Saami ilẹ̀ Swídìn, ìdá 63 ni láàárín àwọn Yorùbá. Bó bá jẹ́ pé arginine ló ń ṣílẹ̀kùn fún HPV ní tòótọ́, a jẹ́ pé àwọn obìnrin wa ni ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló sì ṣìkejì jẹjẹrẹ ọmú láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé àìsí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú wà lára ohun tó fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n àmì jíìnì tí kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé, kí la fẹ́ fi í ṣe?

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ní p53 nínú èsì àyẹ̀wò, àìsàn ìdílé ni. TP53 tó bàjẹ́ nínú kókó jẹjẹrẹ, inú kókó yẹn ló ti bàjẹ́, láyé ẹni tó ni ín. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí nínú ohun tí yóò fi bímọ. Ní 2018, Iñigo Martincorena àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun kan jáde tó mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Wọ́n wo ọ̀nà oúnjẹ ènìyàn mẹ́sàn-án, láti ọmọ ogún ọdún sí ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin, tí kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Awọ tó mọ́ lójú, tó dán, kún fún sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wọn ti yí padà. TP53 ti yí nínú ìdá 2 sí 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, jíìnì mìíràn, NOTCH1, nínú ìdá 12 sí 80, bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ló sì ń pọ̀ sí i. NOTCH1 tó yí padà tilẹ̀ wọ́pọ̀ lára awọ tó dá ṣáká ju inú jẹjẹrẹ lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún ènìyàn pé a rí jíìnì tó yí padà lára rẹ, o ti ní jẹjẹrẹ, kò tíì ka ìwé yẹn.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ tí a jogún ní tòótọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1958, àwọn dókítà ní Liverpool kọ̀wé lórí ìdílé tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń nípọn tó sì máa ń le gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú nípa jẹjẹrẹ yìí. Ní 2012 ni wọ́n tó mọ jíìnì tó fà á, RHBDF2. Ìdílé díẹ̀ ló ní in láyé.

Ti ALDH2 ni ó gbòòrò. Ara ń sọ ọtí di acetaldehyde, májèlé tó ń ba DNA jẹ́. ALDH2 ló ń pa májèlé náà. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jàpáànù, Ṣáínà àti Kòríà, oríṣi ALDH2 tí wọ́n jogún kò lágbára. Bí wọ́n bá mu bíà díẹ̀, ojú wọn á pọ́n, ọkàn wọn á máa lù kìkì. Ẹni tó bá fojú pupa yẹn mutí lọ fún ọdún púpọ̀ wà nínú ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ ju ẹlòmíràn lọ gidigidi. Jíìnì náà kò dá a fà. Jíìnì àti ìgò ni. Oríṣi yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tà á fún wa bí àyẹ̀wò ewu, kí a fi í sílẹ̀.

Kí wá ni ó ń fà á? Tábà àti ọtí ni ọ̀gá wọn ní ilẹ̀ tó pọ̀. Ní 2016, IARC ní ohun mímu tó bá gbóná ju 65 °C lọ ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Ní Golestan ní àríwá Ìráànù, níbi tí ikọ̀ kan ti ń tọ àwọn tó lé ní 50,000 lẹ́yìn láti 2004, tíì gbígbóná àti ópíọ̀mù ni ẹ̀rí ń nàka sí. Ní Áfíríkà, ó pọ̀ láti Etiópíà gba Kẹ́ńyà àti Màláwì dé Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Ó kéré ní ìwọ̀-oòrùn níhìn-ín. Ní 2021, Sarah Moody àti ikọ̀ rẹ̀ ka gbogbo DNA inú kókó 552 láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Ṣáínà, Ìráànù, Kẹ́ńyà, Màláwì, Tànsáníà, Bùràsíìlì, Jàpáànù àti Bìrìtéènì, kí wọ́n lè rí ojú àpá tí ohun kan pàtó fi sílẹ̀ níbi tí àrùn náà ti pọ̀. Àpá náà jọra kárí ayé. Èsì tó ń rẹ ni sílẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó sàn ká gbà á bó ṣe wà ju ká fi HPV dí àlàfo náà lọ.

Kí àwọn tó ń polówó abẹ́rẹ́ àjẹsára má ṣe sọ pé ó ń dènà jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Ohun tó ń ṣe lára ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ tó láti mú kí gbogbo òbí mú ọmọbìnrin wọn lọ gbà á. Irọ́ kankan kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí irọ́ náà bá tú, òtítọ́ ni yóò fi orí fá a. Ẹni tí oúnjẹ bá sì ń há lọ́nà, tó jẹ́ pé ẹ̀bà ló kọ́kọ́ ń há, tó wá di pé ẹ̀kọ mímu pàápàá kò lọ geere mọ́, tí ara rẹ̀ sì ń rù, kí ó má lọ máa béèrè àyẹ̀wò HPV. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí wọ́n ń gba ẹnu tì wọ ọ̀nà oúnjẹ, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ó má sì jẹ́ kó pẹ́.